Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Bá Mi Kí Àgbà

                                        Ojúlé Kẹrin, Òpópónà Etí-Omi,
                                        Ìgbọ́kọ̀dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Abdulrahman, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń fi tó ọ létí pé mo ti pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ mi. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Báwo ni ara? Balqees ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Orúnkún Màmá ńkọ́? Àlàáfíà ni mo wà níbí, àfi ọrùn mi, òun náà sì ti ń gbádùn.

O ní o fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ eré, o ń béèrè èyí tó dára. Má wo àwọ̀. Àwọ̀ ni èmi wò. Pupa kan ni mo rà ní Okitipupa. Mo gùn ún, ẹsẹ̀ mi kan pẹ́dà, mo sanwó. N kò mọ̀ pé ìjókòó nìkan la lè gbé sókè tàbí sílẹ̀. Egungun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣeé fà gùn, kò sì ṣeé gé kúrú. Ìjókòó rẹ̀ jìnnà jù fún mi sí ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀, irin iwájú tó di ọwọ́ náà mú sì kúrú. Bí mo bá ti gùn ún, ńṣe ni mo máa ń tẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tó ń wá a.

Iwájú ilé Bàbá Mátíù, bàbá Ṣèyífúnmi tí mo fẹ́ fẹ́, ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ará Ayétòrò ni wọ́n; ìgbà tí òkun gba ilé wọn ni wọ́n kó wá síbí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó níta tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ń rí mi tí mo ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ ilé wà lára ọmọ yìí. Orí kẹ̀kẹ́ pàápàá, ìdọ̀bálẹ̀ ló wà." Wọ́n gbà kí àwọn òbí mi wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Àmọ́ ọrùn ń ro mí, ìka mi ń kú tipiri. Mo bá lọ kẹ́kọ̀ọ́. Fọkàn yàwòrán ìlà kan tó dìde gangan láti ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Wo bí orí irin iwájú ṣe ga sókè tó sí ibẹ̀, kí o sì wo bí ó ṣe jìnnà síwájú ìlà náà tó. Nọ́ńbà ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ méjì lè bára mu, kí nǹkan méjì yìí má bára mu. Bí o bá jókòó, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ lè tẹ̀ díẹ̀, kí o lè wo iwájú láìjẹ́ pé o ń na ọrùn bí ìjàpá. Mo ra èyí tó ga níwájú, tí kò gùn. Ara tù mí. Mo tiẹ̀ wá rí i pé odò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà.

Kò pẹ́ ni Ṣèyífúnmi pè mí. "Pius, kí ni Bàbá ṣe fún ẹ?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní o ń nàyà kọjá lójú wọn. Wọ́n ní kí àwọn òbí ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀."

Mo kó kẹ̀kẹ́ méjèèjì àti téèpù lọ bá Bàbá. Mo wọn irin, mo ṣàlàyé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́.

"Èyí pupa yìí ló ń tẹ̀ ọ́ wálẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kì í ṣe ìwọ lo ń tẹrí ba?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, sà."

"Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ yìí wá, kẹ̀kẹ́ ló ń kí mi."

Mo tún wọn irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣèyífúnmi ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀kalẹ̀ kí yín. Ẹni tí kò mọ irọ́ pa báyìí, ṣé èmi ló máa wá tàn jẹ?"

Bàbá wò mí, wọ́n wo téèpù. "Máa sọ̀kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí àwọn òbí ẹ máa bọ̀."

Ìwọ àti Balqees náà, ẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Bá mi kí Màmá, kí o sì gbé ọmọ jó fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọrùn rẹ̀ ti ń yí,

Pius

ÌKÉDE: A ń fi tó gbogbo ènìyàn létí pé àwọn àgbà yòókù lójú ọ̀nà náà ti gbọ́ nípa àdéhùn òkè yìí, wọ́n sì ní àwọn náà kì í ṣe ọmọdé. Nítorí náà, láti etí omi títí dé ibi iṣẹ́, ńṣe ni ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìmọ̀ràn inú lẹ́tà náà wà fún ẹni tó bá máa gun kẹ̀kẹ́.