Ìrora Tí Màmá Ń Fi Ọpẹ́ Bò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Òkè-Àánú,
Ìbafo, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
14 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Salmah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ìbejì rẹ tí kì í jẹ́ kí o jókòó. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ifọ̀? Iṣẹ́ ìránṣọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá máa rẹ́rìn-ín pé Fàrídà ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Yàrá kan ni a ń gbé, ìyá ọkọ mi sì wà lórí ibùsùn níbẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe Màmá, ó sì ti dé egungun. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì Toyyibah á béèrè pé, "Màmá, ara ńkọ́?" Màmá á tún gèlè wọn ṣe, wọ́n á ní, "Alihamudulilahi, a dúpẹ́." "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" "A dúpẹ́, ọmọ mi." Nọ́ọ̀sì á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, á fún wọn ní parasitamọ́ọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi sì mọ̀ pé Màmá kò sùn, pé ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi eyín dì mú kí Mùtíù ọkọ mi má baà gbọ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o, ìkíni ni wọ́n ń dáhùn. Àwa náà ńkọ́, ta ló kí wa rí tí a ní ara ò le? Ta sì ni èmi ìyàwó ilé tí màá já ìyá ọkọ mi nírọ́ lójú wọn?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì jáde, mo sọ gbogbo ohun tí ojú mi ń rí. Ó padà wọlé, ó jókòó ti Màmá. Ó ní, "Màmá, mi ò kí yín o. Ibo ló ń dùn yín jù? Ẹ fọwọ́ kàn án." Màmá kọ́kọ́ wo ojú mi, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, kan itan. Wọ́n ní bí ẹni ń lọ ata nínú egungun àwọn ni. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n pé tí ìrora náà bá ti dé, kí wọ́n má mú un mọ́ra mọ́, kí wọ́n máa pè mí.

Àmọ́ oògùn tó lágbára tó láti pa irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi ní ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta. Mùtíù lọ, wọ́n ní àfi kí dókítà fojú rí aláìsàn. Salmah, Màmá ò lè jókòó nínú ọkọ̀ dé Mowe, ká má tíì sọ Abẹ́òkúta.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àbí? Màmá ò dákẹ́ mọ́ o. Wọ́n ń pè mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí wọ́n ṣe. Màá sáré dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá máa fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n á máa wo ọwọ́ mi bóyá mo mú nǹkan wá. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, ó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́.

Bá mi kí àwọn ará ilé rẹ. Màmá tún ti ń pè mí, jẹ́ kí n lọ dúró tì wọ́n.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Fàrídà