Iṣẹ́ Tí Kò Lè Dúró

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Mo ti délé ní Alákijà, àmọ́ inú mi ń dùn débi pé mi ò tíì bọ́ bàtà!

Ní ọ́fíìsì wa ní Festac, iṣẹ́ tí àgbà bá mú wá ló máa ń ṣáájú. Lónìí, Ẹ̀gbọ́n Láńre, tó dàgbà jù nínú wa, fẹ́ ká pààrọ̀ àwọ̀ áàpù orí fóònù tá a fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ṣadé, àbúrò gbogbo wa, fẹ́ kí áàpù náà máa sọ fún èrò pé bọ́ọ̀sì wọn ò lọ mọ́, kí wọ́n tó gbẹ́rù kúrò nílé. Àwa tó kù ti ń mi orí pé ti Ẹ̀gbọ́n ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tá a bá dá tiyín dúró di oṣù tó ń bọ̀, kí ló máa bàjẹ́?"



"Kò sí nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Ṣadé. "Tìẹ ńkọ́?"

"Àwọn èèyàn á tún dúró lásán ní ibùdókọ̀ Mazamaza láàárọ̀ ọ̀la, títí kan àwọn tó pọn ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ṣe tiẹ̀ kíá jàre!"

Àṣé kí n ṣáà béèrè ni!

Bí mo ṣe ń jáde, Ẹ̀gbọ́n pè mí. "Dúpẹ́, ìbéèrè yẹn, ó ti pẹ́ lọ́kàn ẹ?"

"Ó ti pẹ́, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kí wá ló ti bàjẹ́ látìgbà tó o ti dá a dúró?"