Àkàrà Ìrẹsì Kan Péré

Ìyá Mi-ran, aya mi, ọ̀gá oníkọ́kọ́rọ́,

Ara mi le ní Busan, àárò rẹ kò sọ mí rárá, àfi tí mo bá lajú. Lánàá, Deok-su ṣe ọjọ́ ìbí nínú ẹgbẹ́ àwa tí a kò lè dáwọ́ oúnjẹ jíjẹ dúró, tí a ń ran ara wa lọ́wọ́. Bí àkàrà ìrẹsì ṣe dé, mo nawọ́ sí àwo. Deok-su di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jáde lọ bú àkàrà yìí."

"Ká ní kí ni?"

"Pé kò níyọ̀, kò nítìjú!"

A bú u títí ara mi fi balẹ̀. Mo wọlé, mo jẹ ẹyọ kan, mo dìde. Gbogbo ẹgbẹ́ hó yèè!

Yọ àgádágodo ilé ìdáná kí n tó dé fún ọdún ìkórè tí a ń gbé oúnjẹ fún àwọn baba ńlá. Bá mi kí àwọn adìẹ. Kí àwọn baba ńlá mi pẹ̀lú, sọ fún wọn pé lọ́dún yìí, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jẹun, kì í ṣe èmi.