Oògùn Tí A Là Sí Méjì

Aránṣọ mi, ọmọ ọmọ mi, tí o bá dé tí o kò bá mi, má figbe ta. Mi ò tíì kú. Èmi àti ìyá káfíńtà, aládùúgbò wa, wà ní ilé ìwòsàn.

Òòyì ló kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, ni mo bá fìdí jókòó gbì sínú ọpọ́n alágbàfọ̀. Ìdí mi há! Ọkùnrin náà ń pariwo, "Màmá, ẹ rọra, ọpọ́n tuntun ni o!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìyá káfíńtà ní ká lọ fi ara wa han nọ́ọ̀sì.

Má bínú, irọ́ ni mo ń pa fún ọ pé mò ń lo oògùn mi pé. Láti ìgbà tí oúnjẹ ti gbówó lórí, èmi àti ìyá káfíńtà ń dáwó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí a ṣe ń dáwó ra ìrẹsì. Ọ̀bẹ la fi ń la hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, kálukú a sì gbé ìdajì tirẹ̀ mì. A rò pé a gbọ́n!

Mo ti ṣa ìrẹsì sínú ìkòkò, gbé e kaná. Iyọ̀ tí nọ́ọ̀sì ní kí n má fojú rí wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Fi tọrẹ kí n tó dé, torí tí mo bá rí i, màá tún bẹ̀ ọ́ kí o fi díẹ̀ sí oúnjẹ mi.

Ìyá káfíńtà ní tí nọ́ọ̀sì bá bi wá pé ta ló dá irú ọgbọ́n yìí, èmi lòun máa nawọ́ sí. Kò purọ́. Láti òní lọ, ìrẹsì nìkan la ó máa pín.

Ìyá ìyá rẹ, onídìí ọpọ́n.