Bọ́tìnnì Òjò Tí O Fi Sínú Fóònù Mi

Abúlé Àpáta Ọdán,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Àràmídé ọmọ mi,

Ṣé Sùúrùlérè ń tù ọ́ lára? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyá onílé rẹ tó fẹ́ràn ẹjọ́ ńkọ́? Bí ara rẹ bá le, ara tèmi náà ti le nìyẹn, àfi orúnkún òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Yaba, ibi kò ní bá ọ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Àmín.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó wà nílé Baálẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e sórí àjà. Taoheed tó ń wakọ̀ lọ sí Ìdó l'Ékòó ni mo fi ìwé yìí rán.

Ìwé onílà tí o fi sínú fóònù náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O wá sílé fún ọdún Kérésì, oorun ọjọ́ méjì péré lo sùn, o ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́. Kí o tó lọ, o ya ilé kéékèèké sínú fóònù bí ọpọ́n ayò, o ní kí n máa fi ṣètò oko. Òjò wà lórí ìlà kìn-ín-ní, iye ebè wà lórí ìkejì, iye ẹni tí yóò jẹ nínú iṣu wà lórí ìkẹta, iye iṣu tí yóò kù ní àká sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. O fi bọ́tìnnì kékeré kan sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, o ní kí n fi ìka fà á sọ́tùn-ún bí mo bá fẹ́ kó pọ̀, kí n fà á sósì bí mo bá fẹ́ kó dín. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, o sì sáré lọ wọkọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa ti òjò sọ́tùn-ún díẹ̀. Iṣu tó jẹ́ irínwó di ẹgbẹ̀ta lójú mi. Ilẹ̀ mọ́, òjò dé. Ẹ̀rù bà mí, mo ní n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n o mọ ẹnu mi, apẹ̀rẹ̀ ni, kì í gba omi dúró. Kò pẹ́ tí mo fi sọ fún Sùnmọ́nù aládùúgbò wa. Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní ogbó ti dé sí mi, ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí n fà á dé òpin kí òun rí i. Inú bí mi. Mo fà á lójú rẹ̀ títí kò fi sí ibi tí yóò lọ mọ́.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láfún tí Ṣùkúrátù ìyàwó rẹ̀ sá sórí àpáta, agbọ̀n mẹ́fà gbáko, ó ṣàn lọ sódò, ẹja nìkan ló rí i jẹ. Sùnmọ́nù tó ń fi mí ṣẹ̀sín ló wá di olùpẹjọ́ tó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí níwájú Baálẹ̀. Wọ́n ní kí n dá òjò padà sósì kíá, iná ti tán nínú fóònù, a kò sì rí iná mànàmáná láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà ní kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá òjò gbogbo abúlé ní sínú àpò ṣòkòtò. Baálẹ̀ wá dájọ́ pé kí fóònù wà lọ́dọ̀ òun, kí n san agbọ̀n láfún mẹ́fà, àfi bí ẹni tó ṣe bọ́tìnnì náà bá wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀, ti róòbù orúnkún àti ti bátìrì rédíò ni. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ o. Inú fóònù ni owó rẹ máa ń gbà wọlé, fóònù sì wà lórí àjà Baálẹ̀, òun ni yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Kúkú fi owó náà wọkọ̀ Taoheed ní Ìdó.

N kò ní purọ́ fún ọ. Kí Baálẹ̀ tó dájọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní oṣù kẹfà la wà, òjò a sì máa rọ̀ lóṣù kẹfà, ṣé ó dá mi lójú pé bọ́tìnnì ni? Ó ní bí mo bá ti lè sọ pé kì í ṣe bọ́tìnnì, ẹjọ́ tán. Àràmídé, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń roko, mo mọ òjò oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé bó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni, dandan ni kí ẹni tó ṣe é wá sílé. Mo ní bọ́tìnnì ni.

Ìlà kẹta yẹn, ti iye ẹni tí yóò jẹ nínú iṣu, ọ̀kan lo kọ síbẹ̀. O kò ṣìṣe. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n kí iná tó tán nínú fóònù, mo fà á sí méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gún iyán ẹni méjì, ó sì ń ṣẹ́kù lálaalẹ́.

Ọlọ́run tó ni òjò yóò mú ọ délé láìtutù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèníran.