Orúkọ Ọkọ Mi Láyà Apànìyàn

Agboolé Ògúndáre,
Kọ́bapẹ́,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Sinimá,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PA ORÚKỌ OLÓÒGBÉ ỌKỌ MI RẸ́ NÍNÚ SINIMÁ

Opó ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi, olóògbé Ògúndáre, fi wa ọkọ̀ òkúta ní Ewékorò kí àìsàn tó mú wọn lọ. Wọn kò jalè rí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀tá.

Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Dìran, tó ń ṣe sinimá, wá bá mi ní Kọ́bapẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi aṣọ òde òní ṣe eré ọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níléèwé, pé ọba náà yóò di ọ̀gá àwọn awakọ̀ òkúta. Ó tọrọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi, èyí tí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ wọn sí láyà. Ó ní ọba ni yóò wọ̀ ọ́. Inú mi dùn, mo sì yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọba kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó gún ọba pa lójú oorun ló wọ̀ ọ́. Ilé sinimá ni mo ti rí i. Eré náà dára, n kò ní purọ́. Mo ti ń sunkún fún ọba kí n tó rí ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún apànìyàn náà le lẹ́nu, nítorí náà èyí tí àwọn òǹwòran rí kà láyà rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ilé sinimá ń ṣépè fún Ògúndáre. Aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn. Ti ọkọ mi, wọ́n ń bú u ni. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀ báyìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ṣe Ògúndáre fún un. Orúkọ tó ní Ògún dá ọkọ mi láre, sinimá ti dá wọn lẹ́bi. Ó dùn mí dé egungun.

Mo fi ẹjọ́ náà sun Ọ̀gbẹ́ni Dìran. Ó dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń ka ohun tó wà láyà aṣọ.

N kò ní kí ẹ fòfin de eré náà. Ẹ kàn pàṣẹ kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́ nínú àwòrán kí ó tó dé orí fóònù. Ọmọ wa, Àrìnpé, kò tíì pé ọdún kan nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ti iléèwé dé, ó bi mí léèrè ẹni tí bàbá òun pa. Mo ní wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun rí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,
Ifátóyìn Ògúndáre (Ìyáàfin),
Ìyá Àrìnpé.