Oyin Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, ẹ kú ìjókòó opó, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní níbí ní Kúje kí n tó mú bírò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ Télọ̀ dé Àbújá, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá. Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ìyàwó yín ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Álífáà àdúgbò wa, mo kí yín. Gbogbo ará ilé lápapọ̀, mo kí yín. Ìkíni parí. Inú ń bí mi.

Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti ń bí mi. Mo rò pé yóò rọlẹ̀ bí mo bá fi iṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, kò rọlẹ̀. Lẹ́tà yìí ì bá jẹ́ ti inú yàrá, kí Bọ̀dá kà á sí yín létí, kí a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe ohun tí ẹ ṣe fún mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Kíláàsì mi mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, kí gbogbo ẹni tó bá yín pa á mọ́ lè rí i kà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, bàbá mi kú ní Ọ̀fà ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n se oúnjẹ, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n sì túká. Èmi tí mo jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, ọjọ́ kẹwàá ni mo tó gbọ́. Wọ́n ní mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé lọ́wọ́, wọn kò sì fẹ́ da ọkàn mi rú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ilé-ìwé ọ̀hún, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fi ìsìnkú Bàbá mi pààrọ̀. Iṣẹ́ àṣepọ̀ ni. Olùkọ́ wa pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún, ó ní kí àwa lọ sí gáréèjì Utako, kí a bi àwọn awakọ̀ léèrè ibi tí wọ́n máa ń gbà lọ tí ara wọn ò bá yá, kí a sì wá sọ ohun tí a rí níwájú kíláàsì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn méjì á ṣiṣẹ́, ẹnì kan á ra bisikíìtì wá, ẹnì kan á máa ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, ẹnì karùn-ún á wá bi wá bóyá a kọ orúkọ òun dáadáa sójú ìwé àkọ́kọ́. Èmi àti Hàlímà, ọmọ Núpé láti Bídà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa, ni méjì tó ń ṣiṣẹ́.

Mo tún ní iṣẹ́ kejì, èyí tí wọn kì í sanwó rẹ̀. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé mo yọ̀ǹda ara mi ní ilé ìwòsàn kan ní Gwarinpa, láti máa jókòó ti àwọn aláìsàn tí kò ní ẹbí nítòsí. Mo máa ń fún wọn lómi, mo máa ń bá wọn pe ilé, mo sì ń bá àwọn tó jẹ́ Yorùbá sọ̀rọ̀, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè wa. Bàbá ló fún mi láṣẹ pé kí n máa ṣe é. Wọ́n ní ó dára kí èèyàn ní ẹni tí yóò gbé ife sí òun lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí, bàbá awakọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá láti gáréèjì. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní Kàdúná. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé fóònù fún mi, ó ní kí n pe ọmọ náà, kí n sọ fún un pé ara bàbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, pé wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i, kó máa bọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n. Ọmọ náà bi mí bóyá bàbá òun ti jẹun, mo ní wọ́n ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ní yauwa, mo ṣe é dáadáa. Mo lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn pé mo wúlò. Ní wákàtí yẹn, wọ́n ti ń wẹ Bàbá tèmi ní Ọ̀fà.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, gbogbo ẹgbẹ́ wa yí padà sí mi. Hàlímà gba àwọn ìwé tí mo kọ ìdáhùn àwọn awakọ̀ sí lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi, òun á kó o jọ. Àwọn yòókù ń sọ sànnu, sànnu, ìyẹn pẹ̀lẹ́ àwọn Haúsá, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èyí tó máa ń ṣàìsàn lọ́jọ́ ìpàdé ra máásà, àkàrà ìrẹsì wọn, fún mi, ó tún gbé báàgì mi. Mo mọ̀ lójú ara mi pé wọ́n fẹ́ yọ mí lẹ́gbẹ́ ni. Kí ló tún lè mú kí èèyàn mẹ́rin ṣàánú mi lójijì?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá kò pè mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí wọn kì í pè mí tí wọ́n bá ti ti mọ́sáláṣí dé. Èmi ni mo pè. Bọ̀dá ló gbé e, wọ́n ní ohùn Bàbá há, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní màá fi oyin ránṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé mo lọ sí ọjà Utako, mo tọ́ oyin mẹ́ta wò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kí n tó rí èyí tí wọn kò bu omi là. Mo bẹ awakọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀fà pé kó gbé ìgò náà sí iwájú, kó má baà fọ́. Lọ́jọ́ Àìkú mo pè yín, Ìyá mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó dé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ní ó dé. Ẹ ní Bàbá ti lá a, ẹ ní ohùn wọn ti ń là bọ̀, ẹ ní wọ́n ń ṣàdúrà fún mi.

Bàbá ti lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ nà mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje nítorí mo ní ológbò ló jẹ ẹja tí èmi jẹ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ oyin yìí síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo lè gbé e sí. Ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá ti sọ pé kí n má fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa tọ́ oyin wò káàkiri ọjà fún òkú.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ fẹjọ́ ẹgbẹ́ mi sun olùkọ́ wa. Mo ní wọ́n ń jí iṣẹ́ mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní kí n lọ fara balẹ̀. Òun náà mọ̀. Bí mo ṣe jáde ni mo bá Hàlímà lábẹ́ igi, mo sì bú u lójú gbogbo èèyàn. Mo pè é ní olè ẹlẹ́rìn-ín. Ó kàn ń sunkún. Mo ní àṣírí rẹ̀ ló tú tó fi ń sunkún. Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ̀yin lẹ pè é láti Ọjọ́rú. Bàbá ló gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé síbí, kí ẹnì kan lè wà tí wọ́n á pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Nọ́ńbà yẹn lẹ lò.

Ó di Ọjọ́bọ̀, a sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Mo sọ tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní ìbéèrè líle kankan. Nígbà tí mo jáde, mo rí Bọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo sáré dì mọ́ wọn, mo rò pé wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ni. Wọ́n ní ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo mọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọmọ bàbá awakọ̀ nìyẹn, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, Bọ̀dá kò sọ òótọ́. Títí a fi dé Ọ̀mù-Àrán, wọ́n ń sọ fún mi pé Bàbá á gbádùn, wọ́n sì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Ẹ sọ fún mi nígbà tí mo délé pé àṣà wa ni, pé a kì í túfọ̀ òbí fún ọmọ lórí fóònù. Ẹ ní mo lè ṣubú lójú ọ̀nà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù kí n má ṣubú, ta ni nínú yín ló ronú pé tí ẹ bá pè mí ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tí ẹ sì dúró di Àlàásárì, mo lè bá wọn kí wọ́n tó gbé wọn jáde?

Látìgbà tí mo ti padà síbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Kúje ti di ẹrẹ̀, inú yàrá mi sì dákẹ́ jù. Owó oúnjẹ tí Bọ̀dá ń fi ránṣẹ́ ń dé, mo dúpẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ mo ń bá obìnrin aránṣọ kan ní ọjà Kúje gán bọ́tìnnì, bí Bàbá ṣe kọ́ mi, ìyẹn náà ń fi kún un. Wọ́n gbé máàkì iṣẹ́ àṣepọ̀ wa jáde. Ó dára gan-an. N kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti lọ bẹ Hàlímà. Ó ní Bọ̀dá bẹ òun lórí fóònù bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ó ní òun sọ fún wọn pé ní Bídà, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn máa ń sọ ọ́, wọ́n ní ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún pe ọmọ bàbá awakọ̀ ní Kàdúná, mo ní èmi ni mo parọ́ fún un, kó má bínú. Ó ní òun ń bínú. Ó ní ẹ̀kọ tí mo ní bàbá òun mu ló dun òun jù, nítorí gbogbo ọ̀nà ni òun fi ń dúpẹ́ pé wọ́n ti lè mu nǹkan. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé n kò ní sọ irú rẹ̀ mọ́, ó ní kai, èmi ọmọ yìí, n kò láàánú. Bóyá n kò ní.

Ìyá mi, ẹ gbọ́ èyí tó kàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo pè yín, ẹ kò gbé e. Mo pe Bọ̀dá, wọ́n ní ẹ ń sùn, pé ẹ wà dáadáa. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹ ṣì ń sùn. Mo kúrò nínú kíláàsì, mo lọ sí gáréèjì, mo wọ mọ́tò Ọ̀fà. Lókọ́ja ni ipè yín ti wọlé, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní oorun tó gbé yín lọ kò kéré. Mo sọ fún yín pé inú kíláàsì ni mo wà. Irọ́ ni. Mo sọ̀kalẹ̀ sí Lókọ́ja, mo sunkún láàárín àwọn tó ń ta ẹja, mo sì wọ mọ́tò padà. Oorun lásán lẹ sùn, Ìyá mi, mo ti ń lọ sin yín. Ohun tí ẹ sọ mí dà nìyẹn.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Tí orí bá ń fọ́ yín, ẹ ní orí ń fọ́ yín. Tí ẹ bá ṣubú, ẹ sọ pé ẹ ṣubú. Bọ̀dá Kàmọ́rù, tí ohun tí n kò fẹ́ dárúkọ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́hun jẹ́ kó pẹ́, ẹ pè mí ní wákàtí náà gan-an. Ẹ má pe ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má dúró kí n parí ohunkóhun. Tí mo bá wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ ní kí wọ́n wá mú mi jáde. Ìdánwò, mo lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú Bàbá mi, ọjọ́ wo ni kí n padà wá wò ó?

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà ṣe ibùgbé fún Bàbá. Kí Ó jẹ́ kí ẹ parí opó yín ní àlàáfíà, kí Ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Bọ̀dá, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ lórí wa. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ bá mi kí Álífáà àti gbogbo àdúgbò. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, inú sì ṣì ń bí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídá.